Abọ́ Ẹ̀wà Mẹ́ta Tó Lọ Kí Ìyá Àgbà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án, Qàwíyyàt ka ọgọ́rùn-ún hóró ẹ̀wà, ó sì tò wọ́n sórí aṣọ tútù nínú abọ́ ike pupa kan. Ó ka ọgọ́rùn-ún mìíràn sínú abọ́ búlúù, ó tún ka ọgọ́rùn-ún kẹta sínú abọ́ funfun. Ó da ìdérí bo gbogbo wọn, ó tò wọ́n sí ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Ẹ̀wà inú abọ́ pupa ti lo oṣù mẹ́fà nínú akèrègbè pẹ̀lú eérú, bí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Ti abọ́ búlúù wá láti inú kẹ̀gì tí wọ́n dé pa. Ti abọ́ funfun wá láti inú àpò lásán. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò hù jù? Ìbéèrè yìí ni Qàwíyyàt fẹ́ dáhùn kí ó tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Èjìgbò, níbi tó ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí kò bá ní àbájáde yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀, yóò sì máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ àgùnbánirọ̀ lọ.

Dókítà Olújídé, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ti sọ ọ́ fún un níwájú gbogbo kíláàsì.

"Láràárọ̀, láago méje, fún ọjọ́ méje, kí o ka iye tó hù. Ojú rẹ ni kó kà á, kì í ṣe ojú ẹlòmíràn. Bí o bá fo ọjọ́ kan, o ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́, sà."

"O gbọ́. Ṣé wàá wá ṣe é? Mo mọ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kí o wá bá òun wẹ ewúrẹ́, wàá lọ."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, nítorí pé òótọ́ ni. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń yára rìn, tó máa ń fi eyín di pín-ìnnì híjáàbù mú nígbà tó bá ń wá ìwé: bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ohun tí wọ́n tún mọ̀ mọ́ ọn ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ó ti bá ènìyàn gbé ọmọ, ó ti bá ènìyàn to ìlà ní báǹkì, ó ti bá ìyàwó kan tí kò mọ̀ rí yan orúkọ fún ọmọ. Kì í ṣe pé kò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ojú ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ ni kì í lè wò kó sì yí ẹ̀yìn padà.

Ní ọjọ́ Ajé, láago méje, ó ṣí àwọn abọ́ náà. Kò sí èyí tó hù. Ó kọ òdo mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí òdo mẹ́ta yẹn bí ẹni pé òun ló dá wọn. Ó sáré lọ sí kíláàsì. Láago mọ́kànlá, fóònù rẹ̀ dún. Sìdíkàt, ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ọmọdé nítòsí ọjà, ni.

"Al-Ameen ti dé o! Ọmọ Bọ̀dá Mọ́rúfù! Mọ́tò Abidjan ti já a sílẹ̀ ní gáréèjì. Lọ mú un wá."

"Màámi, mo wà ní kíláàsì."

"Ṣé kíláàsì ló bí ẹ ni?"

Ó lọ.

Mọ́rúfù ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ti lọ sí Abidjan kí wọ́n tó bí Qàwíyyàt, bí ìdajì Èjìgbò ṣe máa ń lọ, ó sì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló bí Al-Ameen sí. Ọmọ ogún ọdún ni, yunifásítì lòun náà ń lọ, ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn sì ló fi wá wo ìlú tí bàbá rẹ̀ kì í yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Qàwíyyàt rí i lórí báàgì ńlá kan ní gáréèjì, ó fi ìrọ̀rí kékeré kan yí ọrùn ká, ojú rẹ̀ wú láti ọ̀nà jíjìn.

Ó dìde nígbà tó rí ọmọbìnrin tó ń kánjú bọ̀. "Àǹtí Qàwíyyàt? Ẹ kú ìrìnàjò!"

"Ìwọ lo rìnrìn àjò. Èmi ni kí n kí ẹ."

"Ah bon? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ronú díẹ̀. "Ẹ kú ìdúró, nígbà náà."

"O ò tíì dé, o ti ń ṣe bí àgbà. Gbé báàgì ẹ."

"Àǹtí, Papa ti sọ̀rọ̀ Èjìgbò títí ó fi ń wọ ojú oorun mi. Mo fẹ́ rí gbogbo ẹ̀. Tout."

Sìdíkàt ti pín ọ̀sẹ̀ náà kí wọ́n tó délé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ilé ẹbí tó wà ní Èjìgbò. Ọjọ́rú, ìlú Ọlá. Ọjọ́bọ̀, Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti Mọ́rúfù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n lọ wo Òṣogbo. Ọmọ tó bá ti Abidjan wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ilé ẹbí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn kó tó padà, wọn kì í fo ilé kan. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú ẹbí wọn tó ṣì ń bínú pé lọ́dún 2009 wọ́n mú ọmọ kan gba ẹnu ọ̀nà òun kọjá láì yà.

"Màámi, mo ní ẹ̀wà láti kà," ni Qàwíyyàt wí.

"Kà á láàárọ̀. Ta ló ń kí ènìyàn láago méje?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ náà ṣe gbéra. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà méjì ti hù nínú abọ́ pupa, márùn-ún nínú búlúù, funfun ṣì ń sùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì láago mẹ́sàn-án, nígbà tó di ọ̀sán ó ti ń mú Al-Ameen kiri. Wọ́n dúró níwájú ààfin Ògìyán, ọba ìlú náà, Al-Ameen ya fọ́tò. Wọ́n dé mọ́sáláṣí ńlá, ó ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n gáréèjì tó ti kúrò lánàá ló tún bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn padà sí. Ó fẹ́ gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń fi èdè Faransé bú ara wọn, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá bẹ ara wọn. Obìnrin kan ń ta àtìkẹ́ àti ẹja níbẹ̀, gbágùúdá yẹn gan-an tí wọ́n ń jẹ ní Abidjan.

"Mo rin ọ̀nà ọjọ́ méjì," ni Al-Ameen wí, tó ń jẹun, "kí n tó wá jẹ oúnjẹ ìyá mi."

"Jẹ díẹ̀. Ilé márùn-ún ló ń dúró dè wá."

Kò gbọ́. Nígbà tó fi máa dé ilé kẹta, òógùn ti bò ó. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tó ni imú rẹ̀. "Imú Mọ́rúfù ni o!" "Imú Mọ́rúfù níbo? Ẹ ò rí i pé imú ìyá rẹ̀ ni?" Qàwíyyàt á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìwé á wà lórí itan rẹ̀ lábẹ́ híjáàbù, ó á máa ka orí ìwé nípa àrùn àgbàdo, ó á sì máa dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá" ní àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́.

Ọjọ́rú, ogójì ti hù nínú abọ́ pupa, méjìléláàádọ́ta nínú búlúù, mẹ́tàlélógún nínú funfun. Ó lọ sí oko ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, ó lọ sí Ọlá ní ọ̀sán, ó sùn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, orí rẹ̀ ń gbá fèrèsé. Al-Ameen fi ìrọ̀rí ọrùn rẹ̀ sáàárín orí àti gíláàsì náà. Kò sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀ ló ṣòro. Ìyá Àgbà kì í gbà kí ọmọ ọmọ òun wá kó má sùn, ìyẹn ni pé Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì máa ti bá Qàwíyyàt. Ó rò ó títí. Lẹ́yìn tó kà wọ́n tán ní òwúrọ̀ náà, pupa mọ́kànléláàádọ́rin, búlúù méjìdínlọ́gọ́rin, funfun mọ́kàndínláàádọ́ta, ó to abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agbọ̀n, ó fi aṣọ bò wọ́n. Bí òun bá ń lọ, ẹ̀wà náà ń lọ nìyẹn.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n tún gun ọ̀kadà. Al-Ameen gbé agbọ̀n náà sórí itan, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ẹyin ló wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀wà ni," ni Qàwíyyàt dáhùn.

"Ẹ̀wà lẹ ń gbé bí ẹyin? Ìlú yìí ti bàjẹ́."

Àṣàkẹ́ ni orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ náà ti ń tán lọ. Ó ti súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń roko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kadà náà dúró, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, bóyá láti òwúrọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Al-Ameen kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Dípò kó dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ kan sí i, bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Abidjan, agbọ̀n wà ní apá kejì. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ náà. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì dì í mú, kò sì jù ú sílẹ̀.

"Ogún ọdún," ló wí. "Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù. Mi ò mọ̀ pé o ga tó báyìí."

Qàwíyyàt ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ ṣe àlùwàlá, nítorí pé àkókò ìrun ti ń lọ. Nítorí náà, kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìkòkò omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà. Gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ẹbí náà ló mọ̀ pé ohunkóhun tí èèyàn bá gbé wá, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò yẹn, ti Ìyá Àgbà ni. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "ẹ gbà." Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀ ni, ó á sì ṣàdúrà. Iṣu, ọṣẹ, búrẹ́dì, bàtà, gbogbo ẹ̀ ti gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ti Ìyá Àgbà, inú yàrá lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà. Ọmọ Abidjan kò mọ èyí.

"Gbé e síbẹ̀ yẹn, ọkọ mi," ni Ìyá Àgbà wí.

Al-Ameen sì gbé e síbẹ̀.

Wọ́n kírun tán, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n lọ kí àwọn àbúrò òun nílé mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀. Nínú ilé kẹta, wọ́n ti gbé iyán kalẹ̀, Qàwíyyàt ti fọ ọwọ́, nígbà tó wá sí i lọ́kàn láti béèrè.

"Agbọ̀n yẹn, ibo lo gbé e sí?"

"Chez Grand-mère, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. "Ìkòkò wo?"

"Èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ló ní kí n gbé e síbẹ̀."

Ènìyàn kì í dìde nídìí iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún fún un. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn, ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó sì ń yára rìn padà sílé débi pé Al-Ameen ń sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n dé, abọ́ pupa, abọ́ búlúù àti abọ́ funfun wà lórí ògiri kékeré ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n. Wọ́n ti da ojú wọn délẹ̀ kí omi lè ro nù.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, erùpẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ọlọ́run á bù kún un yín. Kòkòrò ti jẹ irúgbìn mi tán lọ́dún yìí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bóyá n kò ní gbin ẹ̀wà mọ́ nìyẹn. Ẹ wá gbé e dé. Ẹ ò tiẹ̀ gbé e wá lásán, ẹ ti rẹ ẹ́ sómi títí ó fi ń hù! Ta ló kọ́ ọ, Qàwíyyàt? Ṣé nílé ìwé ni?"

Qàwíyyàt la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀: ìwádìí, ọjọ́ méje, Dókítà Olújídé, ọdún kan. Ó wo erùpẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó lọ dúró lẹ́bàá àwọn ebè gígùn tí Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Al-Ameen wá dúró tì í.

"Àǹtí. Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"Ó ti bàjẹ́."

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"O ò mọ̀."

"Sọ fún un! Ó á yé e."

"Ṣé o rí ojú rẹ̀?"

Láago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Qàwíyyàt ti jí, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè kà. Erùpẹ̀ kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n padà sí Èjìgbò, ó lọ sí kíláàsì, kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó tẹ́ ìwé náà síwájú lórí tábìlì nílé. Àlàfo mẹ́ta ló kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú.

Al-Ameen, tó ti ń yí ká tábìlì náà láti ìgbà pípẹ́, jókòó. "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń ṣe lójoojúmọ́? Wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Voilà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gòkè díẹ̀díẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsùlù, kò mú bírò. Ó rora kọ ọ́: ní ọjọ́ keje, pupa márùndínláàádọ́rùn-ún, búlúù mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, funfun ọgọ́ta. Nọ́ńbà tó dára ni wọ́n, wọ́n jọ òtítọ́ ju òtítọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì tún mú un kúrò níbẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú rẹ̀ kò ti ní máa rí i.

Òṣogbo dára ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Wọ́n dé igbó Ọ̀ṣun, òjò òwúrọ̀ ṣì ń kán láti orí ewé, omi odò náà pọ́n, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́. Al-Ameen ya fọ́tò àwọn ère amọ̀ ńláńlá, ó ya ọ̀bọ tó jí bisikíìtì rẹ̀, ó ya Qàwíyyàt níbi tó ti ń wo omi.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Àǹtí."

"Mo ń rẹ́rìn-ín."

"Kì í ṣe èyí."

Fóònù dún. Ìyá Àgbà ni, tó máa ń pariwo nínú fóònù bí ẹni pé òun gan-an ló gbọ́dọ̀ ti ohùn náà débi tó ń lọ.

"Qàwíyyàt! Wọ́n ti ń yọ o!"

"Kí ló ń yọ, Ìyá Àgbà?"

"Ẹ̀wà yín! Ti inú abọ́ pupa ló kọ́kọ́ gbórí. Ẹ wá wò ó lọ́la kí ọkọ mi tó padà sí Abidjan."

Qàwíyyàt di fóònù náà mú pinpin. "Ìyá Àgbà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ti inú abọ́ pupa ni?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Irúgbìn tí n kò mọ̀ rí, ṣé mo máa dà á pọ̀ ni? Ebè ti pupa lọ́tọ̀, ti búlúù lọ́tọ̀, ti funfun wà lẹ́bàá ògiri. Méjì méjì nínú ihò kan, àádọ́ta ihò lórí ebè kọ̀ọ̀kan. Kò ṣẹ́kù, kò dín. Ta ló kà á fún ọ tó pé bẹ́ẹ̀?"

Al-Ameen ya fọ́tò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀ títí di òní: ọmọbìnrin kan nínú igbó, híjáàbù rẹ̀ ti wọ́, ẹnu rẹ̀ là, ojú rẹ̀ kún fún omi.

Wọ́n dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní ọjọ́ Àìkú kí aago méje tó lù. Ọ̀kadà àkọ́kọ́ ni wọ́n wọ̀, kò sí agbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Qàwíyyàt kúnlẹ̀ lẹ́bàá ebè pupa pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Al-Ameen sì gba apá kejì, kí wọ́n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ewé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, erùpẹ̀ ṣì wà lórí àwọn mìíràn bí fìlà.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún," ni Qàwíyyàt wí.

"Quatre-vingt-huit," ni Al-Ameen wí.

"Kí nìyẹn?" ni Ìyá Àgbà béèrè láti orí àpótí rẹ̀.

"Ogún mẹ́rin, àti mẹ́jọ, Ìyá Àgbà. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn."

"Ṣé àwọn náà ń fi ogún kà ni? Àwọn òyìnbó Faransé?" Ó mi orí. "Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n nígbà náà. Mọ́rúfù ò sọ ìyẹn fún mi rí."

Wọ́n bọ́ sí ebè búlúù. Àádọ́rin péré. Qàwíyyàt tún un kà, àádọ́rin ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ohun tó fi pẹ́ńsùlù kọ: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀wà inú kẹ̀gì ti yára hù nínú abọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan erùpẹ̀, agbára rẹ̀ kò tó láti gbé e gòkè. Ẹ̀wà inú eérú, tó ń fà sẹ́yìn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ló wá jáde jù. Ohun tí òun ìbá kọ kò jọ ohun tó wà nílẹ̀ rárá. Bí ó bá fi ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì bá ti sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n da akèrègbè wọn nù.

Ní ebè funfun, adìyẹ ti dé. Ẹsẹ̀ wọn wà níbi gbogbo, ìdajì ihò ti tú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà níbẹ̀.

Ó mú kílínà, ó pa gbogbo ohun tó fi pẹ́ńsùlù kọ rẹ́. Ó fi bírò kọ ti pupa àti ti búlúù. Ní ti funfun, ó ronú fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé: adìyẹ.

"Kí lo ń kọ látàárọ̀?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

Ó sọ ọ́ fún un nígbà náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí náà, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí akèrègbè títí dé orí ọdún kan. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó dà bí ẹni pé ó ń ka nǹkan kan nínú ara rẹ̀.

"O jẹ́ kí n gbìn ín."

"Ẹ ti gbìn ín kí n tó dé, Ìyá Àgbà."

"O sọ fún mi pé ẹ kú iṣẹ́."

"Inú yín dùn."

"Inú mi dùn!" Ó gbá a ní ẹ̀yìn, kò gbá a kó dùn ún. "Ṣé dandan ni kí inú tìrẹ bàjẹ́ kí tèmi tó dùn? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ìyá rẹ nìyẹn? Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá délé ọkọ, wọ́n á fi ẹ́ ṣe àga!" Ó yíjú sí Al-Ameen, tó ń wo ilẹ̀. "Ìwọ náà. Ohun tí kì í bá ṣe tèmi, o ò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

"Àmọ́ o lè gbé ti ẹ síbẹ̀."

Ó yọ ìrọ̀rí ọrùn rẹ̀, ó lọ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà. Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún un títí ó fi rẹ Al-Ameen láti dúró.

Al-Ameen wọ mọ́tò ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Qàwíyyàt sọ òótọ́ fún Dókítà Olújídé nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fi ìwé náà hàn án, àlàfo ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Àbámẹ́ta wà níbẹ̀ ní òfìfo, ọ̀rọ̀ nípa adìyẹ wà níbi tó wà. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo ní kí o má fo ọjọ́ kan. O fo méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O lè fi nǹkan kún un. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo kọ́kọ́ fi kún un, sà. Mo pa á rẹ́."

Ó wo ibi tí kílínà ti họ bébà náà. "Sọ ọ́ lọ́la bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Mi ò lè ṣèlérí ohun tí wọ́n máa ṣe."

Ní Ọjọ́rú, ó dúró níwájú olùkọ́ mẹ́rin. Híjáàbù rẹ̀ tọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ nípa abọ́ mẹ́ta, ó sọ nípa erùpẹ̀, ó ní láti ọjọ́ kẹrin ni iṣẹ́ náà ti kúrò nínú abọ́ bọ́ sórí ebè. Olùkọ́ obìnrin kan tó jókòó ní ìparí tábìlì gbé orí sókè.

"Ta ló gbìn ín?"

"Ìyá tó bí ìyá mi ni, mà."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwádìí ni?"

"Rárá, mà. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é."

"Wọn ò wá dà wọ́n pọ̀?"

"Wọn kì í da irúgbìn tí wọn ò mọ̀ pọ̀, mà."

Obìnrin náà kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ síta. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ etí híjáàbù rẹ̀, títí Dókítà Olújídé fi jáde. Wọ́n ní kó tún orí kẹta ìwé rẹ̀ kọ pátápátá, kó yọ abọ́ funfun kúrò nínú àbájáde, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ọjọ́ méjì fò. Máàkì rẹ̀ kò ní ga. Ṣùgbọ́n yóò jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Lọ sùn," ni Dókítà wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lónìí, sọ pé mo ní rárá."

Bí ó ṣe ń dé ẹnu géètì, Kàdíjà tó ń ta omi níbẹ̀ ní kó bá òun di ọmọ òun mú díẹ̀. Ó dì í mú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, awakọ̀ kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn já àpò kékeré kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Sìdíkàt. Ẹ̀wà tuntun ni. Ìyá Àgbà ti dì í ní kókó mẹ́ta nínú àpò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ọ̀kan wà nínú aṣọ pupa, ọ̀kan nínú aṣọ búlúù, ẹ̀kẹta, tó kéré jù, nínú aṣọ funfun. Ó ní kí awakọ̀ náà sọ fún Qàwíyyàt pé ti funfun yẹn, òun ti lé adìyẹ.